Ọkọ̀ Àtijọ́, Ẹ́ńjìnnì Tuntun: Bí Ọkọ̀ Agbérù Ṣe Ń Kúrò Lórí Ooru Bọ́ Sórí Dísẹ̀lì



Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n kàn ní Sparrows Point, lẹ́bàá ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1942, nígbà tí ogun Hitler gbóná janjan. Ọkọ̀ agbépo ni. Àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà gbà á, wọ́n sọ ọ́ ní USS Chiwawa, ó sì ń gbé epo fún àwọn ọkọ̀ ogun lójú òkun Àtìláńtíìkì. Nígbà tí ogun parí, wọ́n tà á. Ní 1961, wọ́n ṣe àtúnṣe ńlá sí i, ó di ọkọ̀ tó ń kó òkúta irin lórí Adágún Ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1976, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n fi apá tuntun sí i láàrin kó lè gùn sí i. Ní 1978, wọ́n fi ẹ̀rọ tí yóò máa já ẹrù ara rẹ̀ sílẹ̀ sí i. Orúkọ rẹ̀ ń yí padà bí ó ti ń bọ́ lọ́wọ́ olówó kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, títí ó fi di Lee A. Tregurtha ní 1989. Nínú gbogbo èyí, ooru omi gbígbóná ló ń tì í lọ. Ní ọdún 2006 ni wọ́n tó gbé e lọ sí ọgbà ìkànkọ̀ kan ní Sturgeon Bay, ìpínlẹ̀ Wisconsin, wọ́n yọ bọ́ílà àti tọ́báìnì rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì méjì sí ipò wọn. Ọkọ̀ náà ti pé ẹni ọdún 64 nígbà náà.

Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ sinmi? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ agbérù tó ń ná òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí Alang ní Íńdíà tàbí Chittagong ní Bangladesh, níbi tí wọ́n ti ń gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ fún àwọn tó ń yọ́ irin. Iyọ̀ inú òkun ló ń jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n Adágún Ńlá márààrún tó wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà kò níyọ̀. Irin tó bá wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀, lè pẹ́ tó ẹ̀mí àgbàlagbà kan. Ara ọkọ̀ kò tíì gbó, ohun tó wà níkùn rẹ̀ ló ti gbó.

Òfin kan tún wà ńbẹ̀. Láti ọdún 1920 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Jones Act ti fi lélẹ̀ pé ọkọ̀ tó bá máa gbẹ́rù láti èbúté Amẹ́ríkà kan dé òmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kàn ní Amẹ́ríkà, kó jẹ́ ti ọmọ Amẹ́ríkà, kó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ló ń wà á. Ẹni tó ń kó òkúta irin láti Minnesota lọ sí ilé iṣẹ́ irin ní Indiana tàbí Ohio kò lè sáré lọ ra ọkọ̀ ní Kòríà tàbí Ṣáínà. Ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá kàn ní Amẹ́ríkà sì wọ́n bí ojú. Bí ara ọkọ̀ àtijọ́ bá ṣì le, ìṣirò á sọ fún olówó rẹ̀ pé kó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Àwa náà ní irú òfin yìí. Òfin Cabotage tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 sọ pé kí ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù láàrin èbúté wa jẹ́ èyí tí a kàn nílé, tó jẹ́ tiwa, tí àwọn ọmọ wa sì ń wà. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fún mínísítà láṣẹ láti yọ̀ǹda fún ẹni tí kò bá rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ìyọ̀ǹda yẹn sì ni ọkọ̀ òkèèrè ń gbà wọlé. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bú òfin Amẹ́ríkà yẹn pé ó ń jẹ́ kí owó ẹrù ga, wọn ò sì parọ́. Síbẹ̀, òun ló jẹ́ kí àwọn ọgbà ìkànkọ̀ kéékèèké tó wà ní Wisconsin ṣì ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ọmọ ìlú kékeré bẹ́ẹ̀ sì mọ bí a ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ lọ wo inú ọkọ̀ olóoru wàyí. Wọ́n ń da epo dúdú sínú iná ààrò ńlá kan. Iná yẹn ń hó omi tó wà nínú àìmọye páìpù bọ́ílà, omi náà á di ooru tí agbára rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ooru á gba páìpù lọ sínú tọ́báìnì, á máa lu àwọn abẹ irin kéékèèké tó tò yí ọ̀pá kan ká, ọ̀pá náà á sì máa yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú kan. Pùròpẹ́là, àjẹ̀ irin ńlá tó wà nídìí ọkọ̀, kò lè yí tó bẹ́ẹ̀; nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan ló ń fẹ́. Gíà ńlá kan ló ń dín eré náà kù. Ooru tó ti ṣiṣẹ́ tán á bọ́ sínú ẹ̀rọ tí omi adágún ń mú tutù, á padà di omi, pọ́ǹpù á sì dá a padà sínú bọ́ílà. Bó ṣe ń yí po nìyẹn láìdúró, láti ìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ títí ìgbà òtútù á fi dé.

Ẹ̀rọ tó dáa ni, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u. Ó dákẹ́, kì í gbọ̀n, ó sì ń pẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn Amẹ́ríkà fi ń kan ọkọ̀ olóoru sórí adágún wọn títí wọ ọdún 1960, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayé ti rí dísẹ̀lì tipẹ́tipẹ́. Ní 1912 ni ọkọ̀ Selandia, tí ilé iṣẹ́ Burmeister & Wain kàn ní Copenhagen, ti fi dísẹ̀lì rìn láti Denmark dé Bangkok, láìní ihò èéfín gàgàrà tó mọ́ gbogbo ènìyàn lójú, nítorí pé inú òpó ọkọ̀ ni wọ́n gba èéfín rẹ̀ sí. Dísẹ̀lì kì í hó omi. Ńṣe ni písítìnì rẹ̀ ń fún afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ títí afẹ́fẹ́ náà á fi gbóná débi pé bí epo bá kàn án, ó gbiná fúnra rẹ̀. Nínú agbára tó wà nínú epo, ọkọ̀ olóoru ti ọdún 1950 kì í rí ìdá kan nínú mẹ́ta lò fún ìrìn; ìyókù ń bá omi ìtutù àti èéfín lọ. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì òde òní ń lo ohun tó ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ. Nígbà tí epo wọ́n lọ́dún 1973 tí kò sì padà sípò, ìyàtọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ owó ńlá. Kódà Queen Elizabeth 2, ọkọ̀ afẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ olóoru, lọ sí Bremerhaven ní Jámánì láti oṣù kẹwàá ọdún 1986, nígbà tó sì padà dé ní 1987, ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀.

Fún àwọn ọkọ̀ Adágún Ńlá, ìjọba náà tún tì wọ́n láti ẹ̀yìn. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣòfin lórí imí ọjọ́ inú epo ọkọ̀ ojú omi, wọ́n yọ àwọn ọkọ̀ olóoru orí adágún sílẹ̀, nítorí pé bọ́ílà àtijọ́ kò rọrùn láti fi epo fúyẹ́ bọ́. Ní 2012, àjọ EPA tó ń mójú tó àyíká wá fún wọn ní ìwúrí: ọkọ̀ olóoru tó bá gba dísẹ̀lì tuntun lè máa sun epo dúdú tó rọjú nínú rẹ̀ títí dé òpin ọdún 2025. Mo rí ọgbọ́n nínú ètò yìí. Ẹ́ńjìnnì tuntun á dín epo kù lójú ẹsẹ̀, olówó ọkọ̀ á sì fi èrè epo dúdú san gbèsè iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ dìde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ju ohun tí mẹkáníìkì ń ṣe ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó lọ, pé kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì lára ọkọ̀ akẹ́rù, kí wọ́n gbé òmíràn sí i, kí wọ́n dè é ní bóòtù, kí dírébà máa lọ. Ẹ́ńjìnnì kò dá dúró nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n kan ọkọ̀ olóoru yí ooru ká ni. Bọ́ílà tó ń ti ọkọ̀ lọ, òun náà ló ń mú yàrá àwọn òṣìṣẹ́ móoru nígbà tí yìnyín bá ń já lóde. Òun ló ń yọ́ epo dúdú tó ti dì bí ọ̀rá kí pọ́ǹpù tó lè fà á. Òun ló ń yí jẹnẹrétọ̀ iná, òun ló ń fa omi sínú táǹkì tó ń dúró fún ẹrù nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo. Fèrè ọkọ̀ pàápàá, ohùn bàǹtàbanta tí àwọn ará etí adágún fi ń dá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀ láìtíì rí i, ooru ló ń fọn ọ́n.

Bí o bá yọ bọ́ílà, gbogbo ìwọ̀nyí á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. O ní láti wá jẹnẹrétọ̀ dísẹ̀lì tirẹ̀ lọ́tọ̀. O ní láti wá bọ́ílà kékeré tàbí ẹ̀rọ tó ń gba ooru lára èéfín ẹ́ńjìnnì fún yàrá àti epo. Pọ́ǹpù tí ooru ń yí gbọ́dọ̀ di ti iná mànàmáná. Ẹ́ńjìnnì tuntun tún ń béèrè ohun tí ti àtijọ́ kò béèrè rí: àgbá afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́lẹ̀ láti fi ta á jí, páìpù omi ìtutù tirẹ̀, páìpù èéfín tó fẹ̀ tí yóò gba inú ihò èéfín kọjá. Bọ́ílà wúwo, bó bá kúrò, ìdí ọkọ̀ á fúyẹ́, ẹni tó ń ṣírò gbọ́dọ̀ mọ bí ọkọ̀ yóò ṣe jókòó sínú omi lẹ́yìn náà. Ìrìn ẹ̀yìn pàápàá yí padà. Tọ́báìnì kì í yí sápá kejì, nítorí náà wọ́n máa ń ṣe tọ́báìnì kékeré kan mọ́ ọn fún fífà sẹ́yìn. Lee A. Tregurtha gba ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce Bergen méjì tí gíà kan so pọ̀ mọ́ pùròpẹ́là kan ṣoṣo, tí abẹ rẹ̀ ń yí lórí ìdí ara rẹ̀. Bí ọ̀gákọ̀ bá fẹ́ fà sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì kò ní yí padà rárá. Abẹ pùròpẹ́là ni yóò kọjú sí ọ̀nà mìíràn.

Gbígbé ẹ́ńjìnnì náà wọlé tún wà ńbẹ̀. Wọ́n kì í gba ẹnu ọ̀nà gbé irú ẹ́ńjìnnì yẹn wọlé. Wọ́n ní láti fi iná gáàsì gé ihò gbàgàdà sára ọkọ̀, kí wọ́n fa bọ́ílà àti tọ́báìnì jáde wẹ́wẹ́, kí wọ́n gbé tuntun wọlé lódindi, kí wọ́n sì jó irin náà padà débi pé ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á fọwọ́ sí i. Dísẹ̀lì kì í tún rọra yí bí tọ́báìnì. Písítìnì rẹ̀ ń lù ni, ìlù náà sì ń wọnú irin. Ilẹ̀ tó gbé tọ́báìnì fún àádọ́ta ọdún láìwí kiní kan lè máa sán lábẹ́ dísẹ̀lì. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin kún un lábẹ́, kí wọ́n sì fi ohun tó ń rọ̀ sáàrin ẹ́ńjìnnì àti gíà kí ìlù náà má bàa fọ́ eyín gíà.

Apá tó wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni ti ṣáfùtù, ọ̀pá irin tó so gíà mọ́ pùròpẹ́là. Ẹ́ńjìnnì, gíà àti ṣáfùtù gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan ṣánṣán, débi pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà ń jẹ́ nǹkan. Ọkọ̀ tó gùn tó 826 ẹsẹ̀ bàtà bíi Lee A. Tregurtha kì í sì í dúró gbọn-in bí ilé. Bó bá wà lórí ìdúró nínú ọgbà gbígbẹ, bó ṣe rí kọ́ ni yóò ṣe rí tó bá léfòó, torí pé omi ń gbé e sókè níbi tí igi kò ti gbé e. Bí oòrùn bá ràn sórí dẹ́ẹ̀kì, irin òkè á gbóná, á gùn díẹ̀, èyí tó wà nínú omi tútù á dúró bó ṣe wà, gbogbo ọkọ̀ náà á sì tẹ̀. Ojú ènìyàn kò lè rí i, ṣùgbọ́n ṣáfùtù mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni àwọn ẹnjiníà tó mọṣẹ́ kì í fi í wọn ìlà ìkẹyìn nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ dá a padà sínú omi, wọ́n á dúró di òru tàbí àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí òkè àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bá tutù bákan náà, kí wọ́n tó wọn ọ́n. Wọ́n á máa fi bóòtù ti ẹ́ńjìnnì tó wúwo ju ẹrù trélà lọ sọ́tùn-ún, sósì, sókè, díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣe déédéé tán, wọ́n á da oje kan tó ń le bí òkúta sí àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó má lè yẹ̀ mọ́ títí ayé. Ẹni tó bá kánjú níbí yìí, béárìnì rẹ̀ á gbóná lójú adágún, á sì dá ọkọ̀ padà sílé.

Àsìkò kò sì dúró dè wọ́n. Ojú ọ̀nà omi Soo tó so Adágún Superior mọ́ ìyókù ń tì láti 15 oṣù kìíní dé 25 oṣù kẹta lọ́dọọdún nítorí yìnyín. Ìgbà ìsinmi yẹn ni wọ́n fi ń tún ọkọ̀ ṣe. Iṣẹ́ bíi ti ẹ́ńjìnnì yìí máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá sì jáde lẹ́yìn tí yìnyín yọ́, owó ló ń ṣòfò.

Ìkánjú yẹn gan-an ló mú mi dé ibi tó dùn mí jù. Herbert C. Jackson ni ọkọ̀ kan tí wọ́n kàn ní River Rouge, Michigan, ní 1959, nínú ọgbà kan náà tí wọ́n ti kan Edmund Fitzgerald, ọkọ̀ tó rì tòun ti ènìyàn 29 lórí Adágún Superior ní 10 oṣù kọkànlá 1975. Láti ìparí 2015 wọ 2016, wọ́n ń yọ ooru kúrò nínú Jackson ní ìlú Superior, Wisconsin, láti fi dísẹ̀lì MaK méjì sí i. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun irin láyé ọjọ́un, òjé wà nínú rẹ̀. Bí o bá gbé iná gáàsì lé irin tí wọ́n kùn bẹ́ẹ̀, òjé náà á di èéfín, ẹni tó ń gé irin á sì fà á símú. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń jókòó sínú egungun, ó ń ba iṣan àti kíndìnrín jẹ́, ẹni tó bá sì wọ aṣọ iṣẹ́ náà délé lè gbé e fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n bá òjé lẹ́jẹ̀ wọn. Ní oṣù kẹjọ 2016, àjọ OSHA tó ń mójú tó ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ọgbà ìkànkọ̀ náà, ó sì ní kó san ìtanràn tó súnmọ́ mílíọ̀nù 1.4 dọ́là.

Òjé kì í ṣe nǹkan tuntun. Ayé ti mọ ìwà rẹ̀ tipẹ́, ohun tó sì yẹ ní ṣíṣe rọrùn láti sọ: kí wọ́n yẹ ọ̀dà wò kí iná tó kàn án, kí wọ́n ha á kúrò níbi tí wọ́n fẹ́ gé, kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní ìbòmú tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ mímọ́, kí ó wẹ̀ kó sì pààrọ̀ aṣọ kó tó lọ sílé. Asbestos tí wọ́n fi wé páìpù ooru náà ní tirẹ̀, òun ń pa ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ogún, ọgbọ̀n ọdún. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ jíjó irin ní pàtàkì. Bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ gbé iná lé irin àtijọ́ tó kùn, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú ọ̀dà náà. Bí kò bá mọ̀, ẹ má gé e. Ọkọ̀ ẹni ọdún 60 tó tún rí ọdún 30 gbà, ohun ìdùnnú ni, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a yọ ọdún yẹn kúrò nínú ẹ̀mí ẹni tó ń gé e.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ olóoru ló rí dísẹ̀lì gbà. St. Marys Challenger, tí wọ́n jù sínú omi ní 1906, ṣì ń fi ooru gbé sìmẹ́ǹtì títí dé 2013. Nígbà tó yá, wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọn ò sì fi òmíràn sí i. Ó di ọkọ̀ tí kò lẹ́ńjìnnì, tí ọkọ̀ kékeré kan ń tì láti ẹ̀yìn, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí irú èyí ń béèrè kò pọ̀. Ọkọ̀ Arthur M. Anderson ti 1952, tó ń tẹ̀ lé Edmund Fitzgerald lálẹ́ ọjọ́ tó rì, wọn ò yọ ooru tirẹ̀.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ènìyàn tó mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ìwé àṣẹ tí Coast Guard ń fún ẹnjiníà ọkọ̀ yàtọ̀ síra: ti ooru lọ́tọ̀, ti dísẹ̀lì lọ́tọ̀. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń bọ́ sórí dísẹ̀lì, ibi tí ọ̀dọ́ ti lè gba ìwé ti ooru ń dín kù, iye òṣìṣẹ́ tí yàrá ẹ́ńjìnnì ń gbà náà sì ń dín kù, torí pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ dísẹ̀lì. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn tó kù kò pé sínú ìwé. Bí ènìyàn ṣe ń tan bọ́ílà tútù láìjẹ́ kí páìpù rẹ̀ sán, bí ó ṣe ń wo àwọ̀ èéfín kó tó mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ kéré nínú iná, ẹnu àti ọwọ́ ló ti ń kọjá sí ẹnu àti ọwọ́.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Rélùwéè tiwa náà lo ooru, èédú Enugu ló fi ń rìn, Èbúté-Mẹ́ta sì ni wọ́n ti ń tún orí ọkọ̀ náà ṣe kí dísẹ̀lì tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn bàbá tó wa ọkọ̀ yẹn, tí wọ́n fi ṣọ́bìrì da èédú sí i, díẹ̀ nínú wọn ṣì wà láyé. Ẹ wá wọn lọ sílé. Ẹ mú fóònù dání kí ẹ fi gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń dá iná, iye wákàtí tó ń gbà kí ooru tó dé ojú ìwọ̀n, ohun tí wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé omi ti ń gbẹ nínú bọ́ílà, àti ohun tí wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ ọ.